Omi Tí Mo Ní Kí Ó Máa Sè

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ṣakí. Mo ti gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn títí, mi ò rí irú èyí tí mo fà lára ọmọ oṣù méjì kan lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun rí. Kò pupa. Ó dúdú bíi tíì kòkó. Mo ṣí ìgò rẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i bóyá á pupa, àwọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.

Ètè ọmọ náà ti rí bí eérú. Ìyá rẹ̀ gbé e lórí ọ̀kadà wá láti oko kan lẹ́yìn Ofiki. Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ wa ló bí i sí. Wàrà ọmú rẹ̀ kò tó, èmi ni mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa po mílíìkì ọmọdé.

Dókítà wa, tí mo jù lọ́jọ́ orí, wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó bi ìyá ọmọ pé, "Omi ibo lẹ fi ń po mílíìkì rẹ̀?"

"Omi kànga wa ni, láàárín oko àgbàdo."

"Ẹ máa ń lo fàtìláísà níbẹ̀?"

"Ọdọọdún ni."

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní fàtìláísà ti jò wọ kànga. Ó ní irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, òun ló ń gbé atẹ́gùn kiri, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Ohun tó wà nínú omi yẹn ti sọ irin náà di bí èyí tó dógùn-ún: ìrísí rẹ̀ yí, àwọ̀ rẹ̀ yí, kò lè gbé atẹ́gùn mọ́. Oògùn kan wà, búlúù bí aró, tí wọ́n ń fà sí iṣan, tó ń dá irin náà padà sí bó ṣe wà.

"Ṣé a ní in?"

"Rárá, mà. Àfi Ìbàdàn."

"Ṣùgbọ́n mo ní kí ó máa se omi náà."

"Sísè kì í mú un kúrò, mà. Ṣe ló ń ki sí i bí omi ṣe ń fà."

Mo gbé ọmọ náà mọ́ àyà nínú áńbúláǹsì tó ń gbé wa lọ sí Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ ń ṣàdúà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí a tó dé Ìsẹ́yìn, ọmọ náà mí kan, kò mí èkejì. Mo tẹ àyà rẹ̀ títí awakọ̀ fi dúró fúnra rẹ̀.

Obìnrin náà kò sunkún. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí n máa sè é. Mo sè é o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń sè é."

Mo fẹ́ sọ pé èmi náà ò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ sí oko náà láti kìlọ̀ fún àwọn abiyamọ. Obìnrin mẹ́ta ń fa omi. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Èyí tó dàgbà jù bi mí pé, "Èwo wá ni ká máa mu?"

Odò ìtòsí wọn ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́. Wọ́n ní mo kú ìrìn, wọ́n gbé omi wọn rù.