Mo Kúnlẹ̀ Ni, Mi Ò Ṣubú

Ọmọ mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ sí Houston fún mi kí n tó gbọ́ pé mo ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, nítorí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe, ní Ìbàdàn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Houston níbí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń gbé máàpù kọ́ ara ògiri, tí n ó máa fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọn erékùṣù òkun Karibéánì: ìrèké ni wọ́n ń gbìn níbí, ìjì líle máa ń jà lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nàwọ́ sókè ní kíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?"

Mo ní kó jókòó. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn olùkọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo wá sọ pé mo fẹ́ lọ wo Puerto Rico, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà, Wálé ọmọ mi, tó jẹ́ dókítà ní Katy lẹ́bàá Houston, ní kí gbogbo ilé jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá, ká máa wo etíkun láti orí àga. Mo kọ̀. Yàrá kékeré ni mo fẹ́, ọkọ̀ èrò ni mo fẹ́ wọ̀, oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì ni mo fẹ́ jẹ. Owó ìfẹ̀yìntì mi ká a.

"Mummy, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni yín."

"Mo mọ̀. Èmi ni wọ́n bí."

Nígbẹ̀yìn, a ṣe àdéhùn. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí páálí kékeré, ó so ó mọ́ báàgì mi. Bí mo bá ṣubú pẹ́nrẹ́n, n ó padà lọ́jọ́ kejì, n kò sì ní dá rìnrìn àjò mọ́ láyé mi.

Òpópónà tóóró kan ní ìgboro àtijọ́ ní San Juan, olú ìlú Puerto Rico, ni mo dé sí. Ilé aláwọ̀ yẹ́lò kọjú sí ilé aláwọ̀ osàn, òkè àjà wọn ga, àgbàlá wà láàárín bí ti agbo ilé wa. Òkúta tí wọ́n fi tẹ́ títì ń dán bí aró. Wọ́n ní ìdàrọ́ irin ni wọ́n fi ṣe é. Màmá Carmen ló ni yàrá tí mo gbà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kófí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo mọ̀? Àgbà ni, mo kúnlẹ̀ kí i. Orúnkún mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òkúta nígbà tí ìyá figbe ta, kófí sì dà nù. Aládùúgbò rẹ̀ kan sáré dé, ó gbá mi mú lábíyá, ó rí páálí Wálé. Kí n tó ṣàlàyé, ó ti pe nọ́ńbà náà, ó ní mo ṣubú.

Láìpẹ́, fóònù mi dún.

"Mummy, ẹ má mìra o! Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀la lẹ ń bọ̀."

"Mo kúnlẹ̀ ni, mi ò ṣubú."

"Àdéhùn wa ńkọ́? Orúnkún yín kanlẹ̀!"

"Ìwọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún bàbá ìyàwó rẹ. Ta ló gbé ẹ lọ sí hospital?"

Mo gbọ́ tí Fúnmi àbúrò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́."

"Rárá, Wálé. Bí mo bá gun bàálù yẹn lọ́la, mo ti gbà pé aláìsàn ni mí nìyẹn. Mi ò bọ̀."

Nígbà tí mo ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ fún Màmá Carmen, ó wò mí títí. Ó ní ọmọ mẹ́ta lòun bí, kò sí èyí tó kúnlẹ̀ fún òun rí. Ó gbé odó igi kékeré jáde, ó dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, ó gún un mọ́ aáyù àti awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín. Mofongo ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó gún un kúnná sí i. Ó ní kí n jẹ́ kóun ṣe iṣẹ́ òun. Ó tọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì Wálé pé, ọkọ̀ èrò gbé mi lọ sínú igbó kìjikìji. Àkèré kéékèèké ń súfèé lábẹ́ ewé, òjò ń pa mí, mo fẹsẹ̀ mi gun òkè dé ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Mo lo gbogbo ọjọ́ tí mo ní láti lò.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Houston, Wálé ti dúró dè mí pẹ̀lú àga oníkẹ̀kẹ́.

"Ẹ jókòó, Mummy."

Mo gbé báàgì mi lé orí àga náà. "Máa tì í bọ̀. Ó wúwo." Mo sì kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Mummy! Ẹ ò mọ ibi tí mo páàkì sí!"

"N ó béèrè."