Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi rúlà fa ìlà sínú ìwé olójú-ewé ọgọ́ta: aago, oúnjẹ, iye ṣíbí, bí inú ṣe rí. Ọdún 1994 ni. Akọ̀wé kékeré ni mí ní Òṣogbo, Ìdó-Ọ̀ṣun ni mo ń gbé, iná kan sì ń jó mi lábẹ́ igbá àyà. Bí mo bá dùbúlẹ̀, omi kíkan á ru wá sí ọ̀nà ọ̀fun mi. Bẹ́líìtì mi ti fi ihò méjì wọlé sí i. Báyìí gẹ́lẹ́ ni ti àbúrò bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ ní abúlé wa lẹ́bàá Iléṣà; ọdún kò yí po tí a fi sin ín.

Àwọn àgbà ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ló wà nínú mi, n kò sì fẹ́ kí dókítà sọ ọ́. Mo bá sá sẹ́yìn ìwé mi. Ẹ̀wà, ṣíbí mọ́kànlá. Ẹ̀kọ, méjì. Mo yọ ata kúrò, mo yọ epo kúrò, iná kò kú. Mo kọ lẹ́tà sí ìyá mi pé àlàáfíà ni mo wà, mo sì fi òmíràn sísàlẹ̀ àpótí, èyí tí wọn yóò rí bí n kò bá jí mọ́.

Ọjọ́ tí mo bì níwájú ọ̀gá mi ló lé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà bí èmi, ní kí n ka ìwé náà sí òun létí. Mo kà á dé ọ̀sẹ̀ kejì.

"Dúró ná, ọmọ mi. Kí ló wà lẹ́nu rẹ yẹn?"

"Obì ni, mà. Ìyá mi ló ń fi ránṣẹ́ láti oko."

"Awẹ́ mélòó lóòjọ́?"

"N kò kà á, mà."

"Ìwọ tó ka ṣíbí ẹ̀wà?"

"Obì kì í ṣe oúnjẹ, mà."

"Sọ bẹ́ẹ̀ fún ikùn rẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Dókítà yẹ̀ mí wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìgbẹ́. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta dúró de èsì. Ìgbà náà ni mo tó ka obì: awẹ́ mẹ́rìnlá lóòjọ́, mẹ́fà nínú rẹ̀ kí n tó jẹun àárọ̀.

Wọn kò rí àrùn tó pa àbúrò bàbá mi. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kí n jìnnà sí obì. Mo fi obì sílẹ̀, àìjẹ ẹ́ sì mú kí orí fọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, omi kíkan kò wá. Mo fa lẹ́tà ìsàlẹ̀ àpótí ya.

Láti ìgbà náà, mo ti sọ ara mi di ọ̀jọ̀gbọ́n ikùn láàárín ẹbí, ẹnikẹ́ni kò fún mi níwèé ẹ̀rí. Ìwé mi ti di mẹ́tàlélógún, obì ló sì wà ní ìlà àkọ́kọ́, ṣáájú oúnjẹ. Ti ọdún yìí títí di òní: awẹ́ kan, níbi ìsọmọlórúkọ ní Iléṣà. Inú: ó dákẹ́.