Hóró Dúdú Inú Kéèkì

Lánàá ni mo gbọ́ ohùn Prof nínú fídíò kan lórí fóònù mi, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òtítọ́. Òtítọ́ wo?

Ará Poland ni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó tún ń kọ ìwé ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Màámi ló ń tọ́jú ilé rẹ̀ ní Mirdif, ní Dubai, ọ̀dọ̀ wọn lèmi náà wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Prof ń ṣe kéèkì ìlú wọn, bọ́tà ń ta sánsán. Mo rí i tó da hóró dúdú kan tó gbé wá láti Poland sínú rẹ̀, wẹ́wẹ́ bí iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tí kéèkì jinná, ó bu díẹ̀ fún aládùúgbò. Kò pẹ́, ọlọ́pàá kan dé. Ó ní inú òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe oògùn olóró ni hóró yẹn ti wá, kò bófin mu ní Dubai, ta ló ni ín?

"Òun ló ń dáná níbí," ni Prof wí, ó nawọ́ sí màámi.

Mo la ẹnu. Màámi fojú bá mi wí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí mo bá fẹ́ já àgbà nírọ́ níwájú àlejò.

"Yalla, madam, ó yá ká lọ," ni ọlọ́pàá wí.

"Jẹun o, mo ń bọ̀," ni màámi sọ fún mi.

Ẹ̀wọ̀n ni màámi lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá wọn padà sí Èkó.

Bí ọlọ́pàá ṣe mú màámi jáde lọ́jọ́ náà, Prof fọ abọ́ kéèkì náà mọ́ tónítóní. N kò rí i kó fọ abọ́ rí.