Ọjọ́ Tí Ìlọrin Ní Ọ̀sà

Ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi ṣe fáàjì lórí ọ̀sà Àbíjáànì kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Kí a tó kúrò ní Èjìgbò, ọkọ mi kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dárúkọ Àbíjáànì, kí gbogbo àdúgbò má baà di èlùbọ́ lé wa lórí fún àwọn èèyàn wọn níbẹ̀. Ìlọrin la sọ fún ìyá rẹ̀ pé a ń lọ.

A dé Àbíjáànì láìru ẹrù kankan, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti wo ìlú. Bí a ṣe ń ya fọ́tò, ìyá àgbà kan lẹ́yìn wa pariwo pé, "Ṣé kì í ṣe Ràṣídì ọmọ Sàfúrátù nìyí?" Ọmọ ìlú Ara, nítòsí Èjìgbò, ni wọ́n, ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ mi sì ni wọ́n. Kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn tán, wọ́n ti pe ìyá lórí fídíò. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọkọ̀, níwájú fóònù.

Ìyá wo omi títí. "Ràṣídì, ìgbà wo ni Ìlọrin ní ọ̀sà?"

Láti ọjọ́ náà títí a fi padà, ẹrù la ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń gbé níbẹ̀, pé kí a bá wọn kó o fún àwọn èèyàn wọn nílé. Nígbà tí a délé, ìyá fúnra wọn ló pín in fún àdúgbò.

Wọ́n ní, "Ẹ wá gba ẹrù yín o, àwọn ará Ìlọrin ti dé."