Ibùsùn Àlòkù Tí Ìyàwó Bàbá Mi Yàn fún Wa

Nígbà tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, ilé wa ní àdúgbò Albarika jẹ́ ilé tí kò ní ìyá. Ìyá tó bí mi ti kú, ó fi èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sílẹ̀, ọmọ tí kò tíì lè rìn dáadáa. Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ ní làgáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Kútọnu ti ń parí ìrìn àjò rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni. Àwọn òyìnbó ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń ta gbogbo ohun tí wọn kò lè gbé lọ, àwọn oníṣòwò àdúgbò Zongo sì ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Bàbá wá fẹ́ ìyàwó mìíràn, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìdàáṣà. Tantí ni wọ́n ní ká máa pè é. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó rí ẹní tí èmi àti àbúrò mi ń sùn lé ní igun pálọ̀, ó yíjú sí Bàbá:

"Ṣé àwọn ọmọ yìí ò ní yàrá ni?"

Bàbá ní yàrá kan wà lẹ́yìn, àmọ́ ẹrù ló kún ibẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Tantí ti kó ẹrù náà síta, ó ti fi ẹfun kun ògiri. Ó gbé àbúrò mi pọ̀n, ó mú igbá kékeré kan, ó fà mí lọ́wọ́, ó di Zongo.

Alájì kan wà níbẹ̀ tí àgbàlá rẹ̀ kún fún àga, tábìlì, àpótí àti ibùsùn, àwọn míì nínú wọn ti dàgbà ju Bàbá mi lọ. Ojú mi kọ́kọ́ bọ́ sórí àpótí ńlá kan tí wọ́n fi idẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní òun ni mo fẹ́. Tantí ṣí ìdérí rẹ̀ sókè, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Gbàà! Àwọn ẹyẹlé tó wà lórí òrùlé fò lọ.

"Ọwọ́ àbúrò rẹ ńkọ́?" ó bi mí. Mo bọ́wọ́ kúrò lára àpótí náà.

Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù funfun kan, ó fi èékánná ha á, ọ̀dà rẹ̀ sì ń ṣí bí èèpo ẹyin. Ó ní inú ẹnu ọmọ ni ìyẹn máa parí sí. Ó fi ìbàdí ti òmíràn tó jẹ́ igi dúdú, ó tì í, ó tún tì í.

"Ìyàwó, má bì í lulẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ o!" Alájì kígbe.

"Bí mo bá lè bì í, Alájì, ọmọ tó bá gùn ún á bì í lu ara rẹ̀."

Kọ́bọ́ọ̀dù dúdú náà kò mì. Ó mú un. Ó wá dórí ibùsùn ọmọdé tó ní ọ̀pá yí ká. Ó yọ igbá rẹ̀, ó gbìyànjú láti ti igbá náà gba àárín ọ̀pá. Ti àkọ́kọ́, igbá kọjá. Ó fi í sílẹ̀. Ti èkejì, igbá dúró síta, kò wọlé rárá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Orí ta lò ń wọ̀n?" Alájì béèrè.

"Orí ọmọ mi ni."

Ẹ̀yin ọmọ, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo gbójú sókè wò ó, ó ti tún ń wá ibùsùn tèmi kiri, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ohun kan.

Ọmọlanke ni wọ́n fi gbé ibùsùn méjèèjì, kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì kan tí Tantí tún rà wọ Albarika, ìgbà yẹn ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan lójúde sọ ọ́ síta gbangba pé, "Ẹ ò rí i? Ọmọ òkú ni wọ́n ń kó àlòkù fún. Tí wọ́n bá jẹ́ tirẹ̀, ṣé kò ní ra tuntun?" Tantí wọlé lọ. Ó se omi ata, ó dà á sí gbogbo oríkèé igi kí ìdun má baà ríbi gbé. Ó fi bébà oníyanrìn fá gbogbo etí tó mú. Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó dé Ṣábẹ̀, ó dé etí ìyá ìyá mi. Kò pẹ́ tí Màmá Àgbà fi sọ̀ kalẹ̀ ní làgáà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo lórí. Kò jókòó, kò gba omi.

"Aṣọ àwọn ọmọ mi ni mo wá kó," ó wí. "Wọn ò ní sùn lórí pàǹtírí."

Bàbá dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́ràn Màmá Àgbà, àmọ́ n kò fẹ́ bá a lọ. Tantí kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ kọ́kọ́ wo yàrá wọn."

Màmá Àgbà wọlé bí ẹni tó fẹ́ jà. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù, kò mì. Ó fọwọ́ ra etí tábìlì, ó gbóòórùn igi, ó ká ẹní orí ibùsùn sókè, ó wá ìdun títí, kò rí ọ̀kan. Ó gbé àbúrò mi sínú ibùsùn tó ní ọ̀pá. Ọmọ náà ki orí mọ́ àárín ọ̀pá, orí kò wọlé, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló yan nǹkan wọ̀nyí?"

"Èmi ni, Ìyá. Mo mọ̀ pé àlòkù ni. Igi tútù ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó wà lọ́jà báyìí, á wọ́ bó bá gbẹ. Èyí ti gbẹ kí wọ́n tó bí mi. Kò ní já àwọn ọmọ náà kulẹ̀."

Màmá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde. Ó jáde sí ojúde, ó kó ìró rẹ̀ mọ́ra, ó ké pe gbogbo àdúgbò: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí mi, ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo ibi tí ọmọ ọmọ mi ń sùn!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ó ń jó yí Tantí po, omijé sì ń dà lójú Tantí, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rí kó sunkún rí. Àwọn ará àdúgbò rọ́ wọlé, wọ́n ń ti kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ sí wa lọ́jọ́ náà kò lè ṣe kó má béèrè ọ̀nà Zongo. Àlùbọ́sà ló kún apẹ̀rẹ̀ Màmá Àgbà nígbà tó padà sí Ṣábẹ̀. Àwa kò lọ.

Ayé ti yí. Lónìí, ohun àlòkù òyìnbó ń wọ èbúté Kútọnu lójoojúmọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di òbí sì ń yan èyí tó ń dán, èyí tó máa dára nínú fọ́tò. Mo rí i, inú mi dùn pé ọmọ yín ní yàrá tirẹ̀, torí ní ìgbà tiwa, ọmọ mélòó ló ní in? Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́ dàgbà lórí igi tí Tantí yàn, ọmọ ọmọ mi ló sì ń sùn lórí rẹ̀ báyìí. Àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ti lọ, tuntun tí wọ́n rà ti di igi ìdáná. Ìyá mi ló ṣẹ́gun.