A Kì Í Ti Ayùn: Bàbá Saidat àti Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Rẹ̀

Ìwọ tó ò ń ka ìwé yìí, fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ ná, ó yẹ kí o gbọ́ èyí. Ọkùnrin kan wà ní Mushin tó ń fi ọgbọ́n ìlagi kọ́ èèyàn ní bọ́ọ̀lù. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Tìrìmísíyù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Saidat la ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Mushin ni wọ́n bí òun sí. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń la gẹdú létí ọ̀sà ní Makoko. Bí o kò bá mọ iṣẹ́ náà, báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á gbé ìtì igi lé orí kòtò. Ẹnìkan á dúró sórí igi, èkejì á wà nínú kòtò, àwọn méjèèjì á di ayùn gígùn kan mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹni òkè á fà á, á jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ á fà á, òun náà á jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tì í. Bí ẹnìkan bá tì í pẹ́nrẹ́n, ayùn á tẹ̀, pákó á sì wọ́.

Ohun tó gbé wá sórí pápá nìyẹn. Télọ̀, bíríkìlà àti káfíńtà ló pọ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé nìkan ló dá dúró, méjì-méjì ni Bàbá Saidat pín àwọn mẹ́wàá yòókù sí. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, gbá a fún ẹnìkejì rẹ, sáré síwájú, kó dá a padà fún ọ. "Fà á, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló ń pariwo létí pápá títí rẹfirí á fi fọn fèrè ìkẹyìn. Àwọn òǹwòran a máa dá a lóhùn pé, "Lagilagi, rọra, kí igi má wó lù ọ́."

Lẹ́yìn Iléyá ọdún 1956, ẹgbẹ́ kan láti Yaba wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Múrítàlá tó jẹ́ ẹnìkejì Àkàngbé kò tíì ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Bíríkìlà ni Àkàngbé, òun ló mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wọn. O mọ ohun tí Bàbá Saidat ṣe? Ó ní kí Àkàngbé náà jókòó, mẹ́sàn-án péré ló sì wọ pápá. Ó ní ẹnìkan kì í dá ayùn fà. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, àwọn Yaba wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Márùn-ún sí òdo ni wọ́n nà wọ́n.

Abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n ya sí. Ṣítù télọ̀, tí kò tíì ní ẹnìkejì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Saidat, ẹ má bínú. Bọ́ọ̀lù la wá gbá, a ò wá la pákó."

Àkàngbé ní, "Àwọn Yaba ti ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní àwọn á fún mi ní bàtà."

"Bàtà kẹ̀? Ìwọ tí wàá máa rìn bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀," Ṣítù ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó sàn ju kí n jókòó bí ìyàwó tuntun, kí wọ́n máa nà yín lójú mi."

Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò sí ohun kan. Àwọn àti Yaba á tún pàdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá tún nà wọ́n, Bàbá Saidat á yọwọ́, Gbádé á gba ẹgbẹ́. Akọ̀wé ni Gbádé, ìlànà tirẹ̀ kò ju pé kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, kí wọ́n sì sáré tẹ̀lé e.

Nígbà tí Bàbá Saidat délé, ó rò ó fún Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ń fẹ́ iná lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Nígbà tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń fa ayùn kú, ṣé ẹ jókòó sílé?"

"Rárá o."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo wá ẹlòmíràn."

"Ẹ kúkú gbọ́ ohun tí ẹnu yín sọ."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn Múrítàlá ránṣẹ́ pé àwọn ṣì ń kan òrùlé bàbá òun, òun ò lè wá. Bàbá Saidat bá mú Àkàngbé àti Ṣítù, àwọn tí kì í rí ara wọn kí wọ́n má bú ara wọn, ó ní láti òní lọ ẹnìkejì ara wọn ni wọ́n. Kò kó wọn lọ sí pápá. Makoko ló kó wọn lọ, ó fi Ṣítù sínú kòtò, ó gbé Àkàngbé sórí igi.

Mo wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun igi bo ojú Ṣítù bíi ti ìyá oníyẹ̀fun.

"O ń tì í," Àkàngbé ní.

"Ìwọ lò ń tì í. Télọ̀ ni mí, mo mọ ìlà tó tọ́."

"Wo ìlà tó tọ́ náà bó ṣe wọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ."

Pákó ọjọ́ àkọ́kọ́ kò wúlò fún nǹkankan àfi ìdáná. Ní ọjọ́ kẹrin, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ayùn ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì tẹ̀lé ìlà èédú tí wọ́n fà sórí igi ní ìwọ̀n gígùn apá èèyàn kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n á tún pàdé pé. Àwọn Yaba tètè jẹ gọ́ọ̀lù méjì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Ṣítù gba bọ́ọ̀lù, ó fún Àkàngbé, ó sáré. Àkàngbé dá a padà, òun náà sáré. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, mo kà á, kí Ṣítù tó gbá a wọlé. Èjì sí ọ̀kan. Bó ṣe parí nìyẹn. Wọ́n tún nà wọ́n.

Bàbá Saidat ṣa bọ́ọ̀lù méjèèjì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ sínú àpò, ó gbé e síwájú Gbádé. Gbádé nawọ́ sí àpò náà.

Àkàngbé fẹsẹ̀ tẹ ẹnu àpò mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo la tún ń lọ sí kòtò?"

Ṣítù ní, "Èmi ló kàn lórí igi o. Ojú mi ti gba ìyẹ̀fun tó."

Ẹni méjì tó jẹ́ ẹnìkejì ara wọn dìde, wọ́n bá Gbádé lọ. Àwọn yòókù jókòó. Bàbá Saidat gbé àpò náà padà, ó ní, "Ọjọ́ Ajé. Kí ẹ tètè dé."

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n ti borí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, bọ́ sí etí ọ̀sà ní Makoko láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, níbi tí ìtì gẹdú pọ̀ sí jù, kí o wò wọ́n fúnra rẹ.