Aunty Tí Kì Í Jókòó Jẹun

Bí mo bá gbọ́ tí ṣíbí ń kan àwo, Aunty tí yàrá wa kojú síra ní Kétu ni mo máa ń rántí. Bí wọ́n ṣe ń pe àwa ará ilé wá jẹun lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn.

Oúnjẹ tí kò gba wàhálà ni: iṣu bíbọ̀, ẹyin díndín, tòmátì Mile 12. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun á wà lórí tábìlì, ewé efinrin á wà nínú ife láàárín rẹ̀.

"Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, mò ń bọ̀."

Wọn kì í bọ̀. Ìdúró ni wọ́n ti ń jẹ tiwọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo géètì.

Lọ́jọ́ kan mo fa àga fún wọn. Wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n ara wọn ò balẹ̀. Géètì dún, kíá, wọ́n ti dìde. Aládùúgbò kan ló wọlé.

"Ọmọ mi ló ní òun ń bọ̀ wá jẹun," ni wọ́n sọ fún mi. "Kò dá ọjọ́."

Mo ti kó kúrò níbẹ̀. Lánàá, ọmọ mi pè láti Ògùdù pé òun máa wá jẹun. Mo bi í pé ọjọ́ wo.

"Mummy, tó bá yá."

Ìdúró ni mo ti jẹ ìrẹsì mi.